Iṣẹ́ wo ni oògùn olóró ń bá ẹni tó ń lò ó ṣe?

Ohun kan wà tó máa ń yani lẹ́nu nípa ẹni tí oògùn olóró tàbí ọtí ti di bárakú fún. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé nǹkan náà ń ba ayé òun jẹ́. Ó mọ̀ ju àwa tá à ń wò ó lọ. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀, aya ti kó ẹrù jáde, dókítà ti kìlọ̀ fún un nípa ẹ̀dọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti sunkún, ó sì ti búra pé òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láyé. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ti padà sídìí ẹ̀. Ikú ń dẹ Dẹ̀dẹ̀, Dẹ̀dẹ̀ náà ń dẹ ikú.

Tí ẹ bá béèrè pé kí ló fà á, ìdáhùn méjì lẹ máa sáábà gbọ́. Àwọn kan á ní ìwàkiwà ni, pé kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Àwọn mìíràn á ní àìsàn ọpọlọ ni: oògùn náà ti yí bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, débi pé ohun tí ẹni náà fẹ́ àti ohun tí ara rẹ̀ ń béèrè ò bára mu mọ́. Ìdáhùn kìíní, mi ò tíì rí ẹni tó wò sàn. Ìkejì jẹ́ òótọ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò dáhùn tán: nínú gbogbo ẹni tó ti tọ́ nǹkan wọ̀nyí wò, kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn kan ni kò lè bọ́ nínú ẹ̀?

Nígbà ogun Vietnam, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Lee Robins, tọpasẹ̀ àwọn ọmọ ogun tó padà sílé ní 1971. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló sọ pé hẹ̀róìnì ti di bárakú fún òun nígbà tí òun wà lọ́hùn-ún. Láàárín ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n délé, nǹkan bí 12 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn wọ̀nyí ló tún bọ́ sínú ìdè rẹ̀. Ẹ má sì rò pé wọn ò rí i rà nílé. Nǹkan bí ìdajì wọn ló tún fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ kò di ọ̀pọ̀ wọn mú mọ́. Oògùn kan náà ni, ara kan náà ni. Ohun tí wọ́n ń fi oògùn náà fara dà ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní psychodynamic ti wọlé. Kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tí oògùn ń ṣe sí èèyàn. Ohun tó ń béèrè ni pé: iṣẹ́ wo ni ẹni yìí ń bẹ oògùn pé kó bá òun ṣe? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ohun tó kù rọ̀ mọ́. Ọ̀nà náà gbà pé kò sí ẹni tó dédé ń ṣe ohun tó ń pa á lára lójoojúmọ́, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, àti pé ẹni náà fúnra rẹ̀ lè má mọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí pé apá kan ọkàn wa ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú wa ò dé. Ohun tí a rí nígbà èwe, bí àwọn tó tọ́ wa ṣe ń dá wa lóhùn tá a bá ń sunkún, ọgbẹ́ tá a bò mọ́lẹ̀ tí kò jinná, gbogbo rẹ̀ ṣì ń tì wá síbí sọ́hùn-ún láìjẹ́ pé a fura.

Sigmund Freud, tó dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀ ní Vienna, kò kọ ohun púpọ̀ nípa bárakú, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1884, kí ayé tó mọ̀ ọ́n, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi yin kokéènì. Ó sì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ernst von Fleischl-Marxow, ẹni tí mọ́fíìnì, oògùn apàrora tó jẹ́ ẹbí hẹ̀róìnì, ti di bárakú fún nítorí ìrora ọwọ́, pé kó fi kokéènì já ara rẹ̀ gbà. Fleischl ò bọ́ lọ́wọ́ mọ́fíìnì. Ńṣe ni kokéènì tún kún un, ó sì kú ní 1891. Freud alára ò lè fi sìgá sílẹ̀. Wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ lẹ́nu rẹ̀ ní 1923, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ju ìgbà 30 lọ, síbẹ̀ ó ń fa sìgá rẹ̀ lọ. Mo máa ń rántí èyí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ pé ká ṣáà ti mọ ìdí ìṣòro wa, a ó bọ́ nínú ẹ̀. Ta ló tú ìdí ọkàn wò tó Freud?

Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́ gbà pé adùn ló ń fa èèyàn lọ sídìí oògùn. Karl Abraham kọ̀wé lórí ọtí ní 1908. Sándor Radó, ní 1933, ṣàlàyé bí ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì ṣe ń rí ìgbéga òjijì nínú oògùn, tí ìgbéga náà á já lulẹ̀, tí ìrẹ̀wẹ̀sì á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹni náà á sì tún sáré wá a lọ. Àkíyèsí Radó yìí ṣì dúró títí dòní. Púpọ̀ nínú ìyókù, irú bíi pé ẹni bẹ́ẹ̀ ò tíì kúrò ní ipò ọmọ ọmú, àbá lásán ni. Orí aláìsàn díẹ̀ ni wọ́n gbé e kà, ẹ̀gàn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Láti orí adùn dé orí ìrora

Àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ yí padà, ìyípadà yẹn ló sì sọ ọ̀nà yìí di ohun tó wúlò fún ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ lónìí. Àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n jókòó ti àwọn tó ń lo oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kì í ṣe adùn ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń wá. Wọ́n ń sá fún ohun kan.

Henry Krystal, Júù ọmọ Poland tó la Auschwitz já, àgọ́ tí ìjọba Násì ti pa àwọn Júù lọ́pọ̀ yanturu, tó wá di oníṣègùn ọpọlọ ní ìlú Detroit, tọ́jú àwọn tó la irú ìyà bẹ́ẹ̀ já, ó sì tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ó rí ohun kan náà lára ẹgbẹ́ méjèèjì: ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n nínú. Tí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé ìbínú ni, ṣé ìbànújẹ́ ni, ṣé ẹ̀rù ni, wọn ò lè sọ. Àyà tó ń fún wọn, orí tó wúwo, ara tó ń gbóná ni wọ́n máa dárúkọ. Àsìkò náà gan-an ni Peter Sifneos fún ipò yìí ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń lò, alexithymia.

A kì í bí ẹnikẹ́ni mọ́ ọgbọ́n mímọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó tọ́ wa ló ń kọ́ wa. Ọmọ ṣubú, ó ń ké, ìyá gbé e, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ó dùn ẹ́, ẹ̀rù bà ẹ́, ó ti tán.” Bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èyí lemọ́lemọ́ ló ń mọ̀ pé ohun tó ń ṣe òun ní orúkọ, pé ó ní òpin, àti pé ẹlòmíì lè bá òun gbé e. Ọmọ tí wọ́n ń nà nígbà tó bá sunkún, tàbí tí kò sí ẹni tó ń dá a lóhùn, lè dàgbà láìní ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́. Tí ìdààmú bá wá dé, kò mọ ohun tó lè ṣe sí i ju kó pa á lọ. Oògùn olóró sì mọ̀ ọ́n pa, kíákíá, láìbéèrè orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe inú yàrá àwọn onímọ̀ yìí nìkan ni wọ́n ti rí i. Ìwádìí ńlá tí Vincent Felitti àti Robert Anda darí ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1998, bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà nípa ohun tí ojú wọn rí ní kékeré: lílù, ìfipábánilòpọ̀, àìsí ìtọ́jú, ìyá tí wọ́n ń nà lójú wọn, ọ̀mùtí nínú ilé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n padà sórí àkójọ náà ní 2003, wọ́n rí i pé àwọn tó rí oríṣi ìyà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ pé àwọn ní ìṣòro oògùn ní ìlọ́po méje sí mẹ́wàá ju àwọn tí kò rí ọ̀kankan lọ. Èyí ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń lo oògùn ni wọ́n fìyà jẹ ní kékeré, kò sì sọ pé òbí ló lẹ̀bi. Àwọn kan wà tí ilé wọn tura, tí ìyà wọn dé nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìrora ẹ̀yìn tí dókítà fún wọn ní oògùn sí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Leon Wurmser, tó bá àwọn tó ń lo oògùn ṣiṣẹ́ ní Baltimore, tẹjú mọ́ ìtìjú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó ń lo oògùn ò ní ẹ̀rí ọkàn. Òdìkejì rẹ̀ ni Wurmser rí: adájọ́ tó wà nínú wọn ló le jù, kò jẹ́ kí wọ́n sinmi tọ̀sán-tòru, oògùn sì ni wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́ fún wákàtí díẹ̀. Nígbà tí oògùn bá dá lójú wọn, adájọ́ náà á tún ti rí ẹ̀sùn tuntun kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó rò pé èébú àti ìdójútì ló máa mú un jáwọ́. Ìtìjú tí wọ́n fẹ́ fi kún un yẹn, òun gan-an ló ń sá fún.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wá rọ̀ mọ́ gbogbo èyí jù ni Edward Khantzian, oníṣègùn ọpọlọ ní Harvard. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó jáde nínú American Journal of Psychiatry ní 1985 sọ pé ńṣe ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣe oògùn fún ara wọn, àti pé oníkálukú kì í ṣàdédé yan oògùn tó ń lò. Ó rí àwọn tí ìbínú ń jó nínú, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn á ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe: hẹ̀róìnì ń mú wọn rọ̀. Ó rí àwọn tí inú wọn ṣófo, tí ayé ti sú, àti àwọn tí ara wọn ò balẹ̀ rí: kokéènì ni tiwọn. Ó rí àwọn tó ti ti ìlẹ̀kùn ọkàn wọn pa, tí wọn ò lè fi ìfẹ́ hàn, tí wọn ò sì lè gbà á: ọtí ló ń ṣí ìlẹ̀kùn náà fún wọn, fún alẹ́ kan.

Apá tó so oògùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan yìí ló dùn létí jù, òun náà ló sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kéré jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo èyí tó bá wà nítòsí, tàbí èyí tí ọ̀rẹ́ wọn ń lò, púpọ̀ nínú wọn sì ń da méjì mẹ́ta pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí Khantzian sọ tí mo rò pé ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè bi mí pé, tó bá jẹ́ pé ìrora ni wọ́n ń sá fún, ṣé ìyà tí oògùn ń fi jẹ wọ́n kọ́ ni ìrora? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìrora tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ò yé wọn, apá wọn ò sì ká a. Ìrora tí oògùn ń mú wá yé wọn yéké. Wọ́n mọ ohun tó fà á, wọ́n mọ ìgbà tó máa dé, wọ́n sì mọ ohun tó ń lé e lọ. Pàṣípààrọ̀ burúkú ni, àmọ́ ẹni tó ṣe é rí ohun kan gbà nínú ẹ̀.

Lance Dodes, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíì. Ó kíyè sí i pé ara máa ń tu àwọn aláìsàn rẹ̀ látìgbà tí wọ́n bá ti pinnu pé àwọn máa mutí, kí ọtí tó kan ẹnu wọn rárá. Tó bá jẹ́ ohun tó wà nínú ìgò nìkan ló ń tù wọ́n lára, kí ló dé tí ìtura fi ṣáájú ìgò? Ó ní ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gẹ́rẹ́ kí ìyánhànhàn náà tó dé ni pé ẹni náà rí ara rẹ̀ ní ipò tí kò ti lágbára kankan. Ká ní ọ̀gá kan bú òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn lórí ẹ̀sùn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Kò lè fèsì, kò lè kúrò. “Ẹ má bínú, sà” ló lè sọ. Bó ṣe jókòó padà sórí àga rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti dé ilé ọtí, àyà rẹ̀ sì ti ń rọlẹ̀. Ó ti rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kó má ṣe. Ìbínú tó yẹ kó kojú ibi tó ti wá ló gba ojú fèrèsé yọ. Ní ojú Dodes, ìdí nìyẹn tí ìyánhànhàn náà fi máa ń le tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbọ́ ìmọ̀ràn: agbára tí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ń lò láti já ìdè ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀ka mìíràn so bárakú mọ́ bí a ṣe ń fara mọ́ ara wa. Ní 1978, Jaak Panksepp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ìwọ̀n mọ́fíìnì kékeré ń dín igbe ọmọ ajá tí wọ́n yà kúrò lára àwọn ẹbí rẹ̀ kù. Ara wa náà ń ṣe irú èròjà yẹn fúnra rẹ̀, ó sì jọ pé ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn balẹ̀ nígbà tí olólùfẹ́ bá wà nítòsí. Nígbà tí ẹni tó ń lo hẹ̀róìnì bá sọ pé ó dà bíi pé wọ́n gbá òun mọ́ra, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nínú yàrá ìtọ́jú

Ká ní òrùlé ń jò, ẹnì kan sì gbé àwo sábẹ́ rẹ̀. Ọdún gorí ọdún, àwo ti kún, ó ń ṣàn sílẹ̀, ilẹ̀ ti ń jẹrà. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń pariwo pé kó gbé àwo yẹn sọ nù, wọn ò sì jayò pa, àwo náà ti di ìṣòro fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá gbé e sọ nù tí kò sẹ́ni tó yẹ òrùlé wò, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa bá àwo mìíràn níbẹ̀. Bí ẹni tó fi ọtí sílẹ̀ ṣe ń di ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ mọ́jú nìyẹn.

Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ṣì í gbọ́ ni pé wọ́n rò pé orí òrùlé ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ara ló ń ṣáájú. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tàbí tó ń lo oògùn amúnisùn bíi diazepam bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ dá nìkan dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì nílé. Gìrì lè mú un, ọpọlọ rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè kú. Dókítà ló ń bá a dín in kù. Ní ti hẹ̀róìnì, methadone àti buprenorphine, oògùn tí dókítà ń fúnni láti fi rọ́pò rẹ̀, ń dín ewu ikú kù gan-an, kò sì sí ọ̀rọ̀ sísọ kankan tó lè gba ipò wọn. Marie Nyswander, tó wà lára àwọn tó fi methadone bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní New York láàárín 1964 sí 1965, ti kẹ́kọ̀ọ́ ìtúpalẹ̀ ọkàn, ìmọ̀ tí Freud dá sílẹ̀. Ó ti fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú àwọn èèyàn rẹ̀ títí kó tó gbà pé ó ku ohun kan.

Nígbà tí ara bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ á wọlé. Ẹ gbàgbé àwòrán olùtọ́jú tó jókòó sẹ́yìn àga gbọọrọ, tí kò fọhùn fún wákàtí kan. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe é nínú, tí wọ́n bá tún fi ìdákẹ́jẹ́ bò ó, ńṣe ló máa gba ilé oògùn lọ. Olùtọ́jú tó mọ iṣẹ́ máa ń sọ̀rọ̀, ó máa ń béèrè, ó máa ń bá ẹni náà wá orúkọ fún ohun tó ń ṣe é. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí mo hun fúnra mi. Obìnrin kan ń lo oògùn ìrora ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti fi sílẹ̀ fún oṣù kan, ó wá padà sí i lọ́jọ́bọ̀. Ó ní kò sídìí, ó kàn wu òun ni.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ rà á?”

“Kò sí nǹkan kan.”

“Ta lẹ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọn ò kúkú sọ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn ò ní lè wá mọ́. Mo ní kò sí wàhálà.”

Ibi “kò sí wàhálà” yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ó ti ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìpè náà, kò sì so méjèèjì pọ̀. Lester Luborsky, tó ṣètò irú ìtọ́jú yìí ní Philadelphia, kọ́ àwọn olùtọ́jú láti máa fetí sí ohun mẹ́ta nínú gbogbo ìtàn tí aláìsàn bá sọ: kí ló fẹ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn, kí ni ẹni yẹn ṣe, kí lòun náà wá ṣe? Ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìtàn kan náà á máa yọjú nínú aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n dúró ti òun, kò béèrè, wọ́n lọ, ó ní kò sí wàhálà, ó sì gbé oògùn mì. Bó ṣe rí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe rí pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni olùtọ́jú á sọ fún un pé òun ń lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. “Kò sí wàhálà,” ló fi dáhùn. Nígbà tí olùtọ́jú dé, obìnrin yìí ò yọjú. Ohun tó ń ṣe sí àwọn èèyàn rẹ̀ ti dé inú yàrá náà, ó ti dà á bo olùtọ́jú, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí sì gbà pé kò sí ìgbà tí ìtọ́jú ń lágbára bí ìgbà yẹn. Nígbà tó bá padà wá, olùtọ́jú lè sọ pé, “Ó jọ pé lílọ tí mo lọ dùn yín, ẹ ò sì rò pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́.” Tó bá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, pé inú bí òun, tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ò sì sá, tí kò bínú padà, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ nínú ayé rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó, ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú yìí fi ń gba oṣù, nígbà mìíràn ọdún.

Olùtọ́jú náà kì í ṣe igi. Wọ́n á purọ́ fún un, wọ́n á já a kulẹ̀, á fẹ́ bínú, tàbí á fẹ́ di olùgbàlà tó ń gbé fóònù láàárín òru. Ohun tí ọkàn tirẹ̀ ń sọ wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò, tàbí kó di ọ̀kan nínú àwọn tó ti lé ẹni náà dànù.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ní 1983, George Woody, Luborsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí 110 ọmọ ogun àtijọ́ tí wọ́n ń gba methadone ní Philadelphia. Gbogbo wọn ń gba ìmọ̀ràn lórí oògùn. Wọ́n fi ìtọ́jú psychodynamic ti Luborsky kún un fún àwọn kan, wọ́n sì fi ìtọ́jú mìíràn tó dá lórí títún èrò àti ìṣe ṣe kún un fún àwọn mìíràn. Àwọn tí wọ́n fi nǹkan kún tiwọn ṣe dáadáa ju àwọn tó gba ìmọ̀ràn nìkan lọ. Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti hàn jù ni ara àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì, àníyàn àti irú wọn ń bá jà gidigidi. Àwọn tí ọkàn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dàrú, ìmọ̀ràn nìkan tó wọn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní àwọn ilé ìtọ́jú ìlú, tí àbájáde jáde ní 1995, èrè ìtọ́jú náà ṣì ń hàn lára àwọn tó gbà á lẹ́yìn tó ti parí.

Ti kokéènì ò rí bẹ́ẹ̀. Paul Crits-Christoph àti ikọ̀ rẹ̀ fi èèyàn 487 wé ara wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Gbogbo ẹgbẹ́ ló dín lílò wọn kù, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lásán lórí oògùn, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ti àjùmọ̀jókòó, ló ṣe dáadáa jù. Ìtọ́jú psychodynamic ò tó o.

Ìkọlù tó le jù wá láti inú ilé. George Vaillant, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìtúpalẹ̀ ọkàn fúnra rẹ̀, bá wọn tọpasẹ̀ àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà kan láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kọ ohun tó rí ní 1983. Ó ní púpọ̀ nínú ìbànújẹ́ àti ìwà tí a máa ń rí lára ọ̀mùtí, ọtí ló fà á, kì í ṣe òun ló fa ọtí. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí ẹnì kan ti mutí fún 20 ọdún kẹ́ ẹ tó bi í nípa ìgbà èwe rẹ̀, ìtàn ìbànújẹ́ lẹ máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo rí fà yọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìbéèrè nípa iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe kò bá gbogbo ẹni tó ń lo oògùn mu bákan náà. Ó bá ẹni tó ti jáwọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà tó sì ń padà sídìí ẹ̀ nígbà tí ara ti dá mu jù, àti ẹni tí ìdààmú ọkàn rẹ̀ ti wà kí oògùn tó dé. Fún ẹlòmíì, oògùn tó yẹ láti ọwọ́ dókítà, ìmọ̀ràn tó ṣe tààrà, àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń bára wọn sọ òótọ́ lè tó.

Tí ẹ bá ń wá irú olùtọ́jú yìí fún ara yín tàbí fún ẹni yín, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ bóyá ó ti tọ́jú àwọn tí oògùn di bárakú fún rí, nítorí ọ̀pọ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ ọkàn dáadáa ò mọ tèyí. Ẹ béèrè bóyá ó ṣe tán láti bá dókítà tó ń fún yín ní methadone tàbí oògùn mìíràn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi oògùn yẹn sílẹ̀ kí òun tó gbà yín, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ sì béèrè ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá padà sídìí ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á lé yín lọ ò tíì mọ ohun tí ìtọ́jú yìí wà fún. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí tó ṣáájú, ẹ lè jókòó tì í.